Ọmọ kún àdúgbò, síbẹ̀ Kútọnu la ti ń wá onítáìlì: kí lẹ fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín?

Agbaṣẹ́ kọ́lé, Lẹ́kì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Lórí sáìtì l'Ékòó, tí iṣẹ́ táìlì tàbí P.O.P. bá ti fẹ́ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ á pe àwọn ọmọ Kútọnu tàbí Tógò. Tí wọ́n bá parí yàrá, ìlà á gún, igun á pé, táìlì ò ní máa dún bí agolo lábẹ́ ẹsẹ̀. Báwo la ṣe ń tọ́ ọmọ tiwa débẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ jìyà. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń kọ́ wọn gan-an.

Ọ̀gá onítáìlì, Ìkòròdú

Ìwọ̀n ló ń dá wọn dúró. Ọmọ á po sìmẹ́ǹtì fún ọdún kan, á gbé páálí gun àtẹ̀gùn fún ọdún kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ na okùn tí ìlà táìlì máa tẹ̀ lé, wọ́n á rán an lọ ra omi. Ẹ̀yìn fíríìdọ́ọ̀mù ló máa ń yé e pé òun ò lè dá bẹ̀rẹ̀ yàrá. Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kó tó fọwọ́ kan tírówẹ̀lì.

Ẹ fún un ní téépù, píńsùlù àti ìwé. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 kan gba ojú ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 0.36 níbùú lóòró (square metre), tí mẹ́rin bá wà nínú páálí, 1.44 nìyẹn. Yàrá tó jẹ́ mítà 4 sí 3.6 á fún wa ní 14.4, ìyẹn páálí 10 géérégé. Kó fi ọ̀kan lé e fún èyí tí wọ́n máa gé àti èyí tó máa fọ́. Tí ògiri bá wọ́, kó fi méjì lé e. Ẹni tó bá ra 10 péré á padà sọ́jà, á sì bá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀, torí nọ́ńbà bátìṣì, ìyẹn nọ́ńbà àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó wà lára páálí ti yí padà. Kó máa wo nọ́ńbà yẹn kó tó gbé ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Igun ló kàn. Láti igun, wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri kan, 4 lára èkejì, kí o wá na téépù láti orí àmì kan sí ìkejì. Tí kò bá jẹ́ 5 gan-an, igun yẹn ò pé, má fi ògiri ṣe atọ́nà. Ní pálọ̀ ńlá, lo 6, 8 àti 10.

Ibi tí wọ́n ti ń mọ ọmọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí oníṣẹ́ ni ẹ̀bá ògiri. Ká ní yàrá fẹ̀ ní mítà 3.7, ẹ yọ ti àlàfo àárín táìlì kúrò ná. Odindi 6 á gba 3.6, sẹ̀ǹtímítà 10 á ṣẹ́ kù. Tí a bá pín in sápá méjèèjì, ó di 5 àti 5, tínínrín tó burú lójú, tó sì máa ń kán tí a bá ń gé e. Kó yọ odindi kan: 5 gba mítà 3, ó ku 70, ó di 35 lọ́tùn-ún, 35 lósì. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń pamọ́.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ tẹ́kíníkà, Abẹ́òkúta

Mo gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe é léraléra, owó táìlì sì ni wàhálà ilé ẹ̀kọ́. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40 mẹ́sàn-án tó: wọ́n á kún ojú ilẹ̀ mítà 1.2 sí 1.2. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì sí i rárá. Ẹ po yanrìn mọ́ amọ̀ pupa díẹ̀. Ọmọ á tẹ́ ẹ, ẹ ó gbé lẹ́fẹ̀lì lé e, á tú u, á fọ̀ ọ́, ẹlòmíì á gbà á.

Nígbà tí ẹ bá wá dé orí sìmẹ́ǹtì gidi, yanrìn mẹ́rin sí sìmẹ́ǹtì kan. Kò gbọ́dọ̀ ṣàn. Tí o bá bù ú sọ́wọ́ tí o dì í, kó dúró bí o ṣe dì í. Amọ̀ ò gbọ́dọ̀ sí nínú yanrìn níbí. Rọ yanrìn àti omi sínú ìgò, mì í, gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ẹrẹ̀ tó dúró lókè bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá yanrìn ìsàlẹ̀, dá a padà fún onítípà.

Táìlì ògiri tó ń fa omi, ẹ rẹ ẹ́ títí kò fi ní máa yọ ìfófòó mọ́, kí ẹ jẹ́ kó ro. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fa omi inú sìmẹ́ǹtì gbẹ kó tó lẹ̀. Táìlì pọ́sílénì kì í fẹ́ẹ̀ mu omi, ẹ má fi àkókò ṣòfò rẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù táìlì àti tírówẹ̀lì eléyín ló bá a mu.

Ní ti ìró agolo tí agbaṣẹ́ sọ: wọ́n á bu sìmẹ́ǹtì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, wọ́n á tẹ táìlì lé e. Òfìfo ló wà lábẹ́ ibi tó kù. Ẹsẹ̀ fìríìjì á bọ́ sí i, ó fọ́. Tí ọmọ bá tẹ́ mẹ́ta, ẹ ní kó ká ọ̀kan kí ó tó gbẹ, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tó bá funfun láìní sìmẹ́ǹtì ni ìdánwò náà.

Onítáìlì, Ìlọrin

Ẹ má gbàgbé báàfù: ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dà sí ojú ihò omi, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lórí mítà 1. Ẹ fi mìlímítà bíi 5 sílẹ̀ létí ògiri, sìkẹ́tìn, ìyẹn táìlì tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri, á bò ó. Ẹni tó bá fún un mọ́ ògiri pátápátá, oòrùn á mú un wú, táìlì á gbéra. Gígé gbígbẹ náà, ẹ fòfin dè é. Eruku rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa da omi sí i, kí ọmọ sì bo imú.

Ẹni tó ń ṣètò ìwé ẹ̀rí, Ìbàdàn

NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, ló ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó jáde ní tẹ́kíníkà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní tréèdì-tẹ́ẹ̀sìtì, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, ìpele kẹta sókè dé kìn-ín-ní, tàbí NSQF, ètò ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ tẹ́kíníkà, ń bójú tó, níbi tí wọ́n ti lè yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò láìjẹ́ pé ó padà sí kíláàsì. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kùnà. Fọ́tò pálọ̀ tó ń dán nìkan ni wọ́n máa ń gbé wá, ta ni ò lè ya ìyẹn? Kó ya ilẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ya okùn tó nà, ya ẹ̀yìn táìlì tó ká, kí ọjọ́ sì hàn lórí wọn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó ni Kútọnu níbi tí ẹ ń lọ wá oníṣẹ́, ọmọ tó ń ṣe CQP, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn, ń pín àkókò rẹ̀ sáàárín ọ̀dọ̀ ọ̀gá àti ilé ẹ̀kọ́.

Agbaṣẹ́ kọ́lé, Lẹ́kì

Ẹ ṣeun. Tí ọ̀gá bá wá ń bẹ̀rù pé ọmọ á sá lọ tó bá ti mọ okùn nà ńkọ́?

Ọ̀gá onítáìlì, Ìkòròdú

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn lójú òbí: láti oṣù kẹfà, ọmọ ló ń ṣe ìṣirò páálí, ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò, láti oṣù kejìlá, ó ń dá na okùn yàrá kékeré. Yàrá tó bá yege, ẹ fún un ní iye kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó. Ọmọ tí kì í gba kọ́bọ̀ títí di fíríìdọ́ọ̀mù ni ọlọ́kadà ń tàn lọ.