Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, wọ́n ní kí n wá kọ kóòdù lójú wọn

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kubwa níbí l'Abuja ni mò ń gbé, backend ni mò ń ṣe, ìyẹn apá ètò kọ̀ǹpútà tí oníbàárà kì í fojú rí, Python tó jẹ́ èdè kóòdù àti Postgres tí a fi ń tọ́jú dátà ló yá mi lọ́wọ́ jù. Ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì ló pè mí, àtilé ni màá ti máa ṣe é, mo ti bá HR wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn lọ dáadáa, èyí tó kàn báyìí ni kí n kọ kóòdù lójú ẹnjiníà wọn fún wákàtí kan, lẹ́yìn ẹ̀ system design, ìyẹn kí n ṣàlàyé bí màá ṣe to ètò ńlá kan pọ̀. Tí mo bá dá wà mo máa ń yanjú ìbéèrè LeetCode, ìkànnì tí a ti ń fi kóòdù dánra wò, ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá ti ń wò mí báyìí ọpọlọ mi á kàn dúró ni. Iná àdúgbò wa náà ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ jọ̀ọ́ báwo ni kí n ṣe múra, mo fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa: Àbúrò, kú oríire. Èmi náà máa ń wà lára àwọn tó ń bèèrè ìbéèrè níbi iṣẹ́ wa. Bí o ṣe ń ronú la fẹ́ gbọ́, tí o bá dákẹ́ a ò lè mọ ibi tó há sí, a ò sì ní lè tì ẹ́ lẹ́yìn. Má tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá líìsì yẹn lè ṣófo, bóyá wọ́n ti tò ó tẹ́lẹ̀. Ká ní wọ́n ní kí o wá nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ iye kan, sọ ọ̀nà tó rọrùn ná, lúùpù nínú lúùpù, O(n²) nìyẹn, ìyẹn ni pé tí líìsì bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ á di bí ìlọ́po mẹ́rin, kí o wá sọ pé tí o bá ń kó àwọn tí o ti rí sínú dictionary, àpótí Python tí a ti ń tètè rí nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan lo máa la líìsì yẹn já, O(n), iṣẹ́ ò ní ju bí líìsì ṣe gùn tó lọ, àmọ́ á jẹ mẹ́mórì sí i. Ibi tí o ti sọ ohun tó máa ná ẹ yẹn gan-an ni inú wa ti máa ń dùn.

Ìyá Ìbejì Kaduna: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹnu kì í déédéé yọ̀ lọ́jọ́ náà o. Pe ẹnikẹ́ni jókòó tì ẹ́, kódà kó má mọ kóòdù, kí o máa ṣàlàyé fún un bí o ṣe ń kọ ọ́. Tí o bá fẹ́ ronú, sọ pé ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ọmọ Ìlọrin Kano: Bi HR léèrè irú ojú ìwé tí ẹ máa kọ kóòdù sí, òmíràn kì í bá èèyàn parí ọ̀rọ̀ bí VS Code tí a fi ń kọ kóòdù ṣe máa ń ṣe. Wo aago náà dáadáa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn Jámánì fi wákàtí kan ṣíwájú wa, nígbà òtútù aago kan náà ni. Lọ síbi tó ní sólà, gbé dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì dání. System design, inú iṣẹ́ tí o ti ṣe rí ni kí o ti sọ̀rọ̀, ìdí tí o fi fi index, tó ń jẹ́ kí a tètè rí dátà, sí table yẹn, ìdí tí o fi lo cache, ibi tí a ń kó ohun tí a máa ń bèèrè lemọ́lemọ́ sí nítòsí.

Ọmọ Kubwa: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi ṣe ìdánwò kan kó tó di ọjọ́ náà?

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa: Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fi líǹkì ránṣẹ́ sí mi ní inbox.