Bédé Faransé (ìwé ìtàn alàwòrán) tí ẹ kà rí: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Tíṣà
Ẹ kú ilé o. Òjò kò jẹ́ kí n jáde lónìí, ni mo bá ń tú àpótí ìwé bàbá mi. Tíṣà Faransé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo rí Tintin méjì níbẹ̀, ikán ti jẹ ẹ̀yìn ọ̀kan. Ní kékeré, mi ò gbọ́ Faransé rárá, àwòrán ni mò ń tẹ̀ lé: ọmọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ta sókè níwájú orí, àti ajá funfun kan. Èmi àti àbúrò mi gbà pé torí pé ó kéré ni wọ́n ṣe ń pè é ní Tíńtín. Ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́ wa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní imú ni àwọn Faransé fi ń pè é.

Ọ̀kan wà tí wọn kì í jẹ́ ká kà, èyí tí Tintin lọ sí Kóńgò. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi pamọ́ sí. Mo yọ́ kà á. Ètè tí wọ́n yà sí àwọn ènìyàn dúdú lẹ́nu! Mo dá a padà sáàyè rẹ̀, mi ò sọ fẹ́nì kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé 1930 ni Hergé, ẹni tó ń ya Tintin, bẹ̀rẹ̀ sí yà á, nígbà tí Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣàkóso Kóńgò, àti pé nígbà tó tún un ṣe ní 1946, ó yọ ibi tí Tintin ti ń kọ́ àwọn ọmọ Kóńgò pé Bẹ́ljíọ̀mù ni ilẹ̀ baba wọn, ó fi ìṣirò rọ́pò. Kò yọ ètè yẹn ṣá.

Ta ló tún bá irú ìwé yìí pàdé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàrá
Ti èmi burú jù. Wọ́n kó wa láti yunifásítì lọ sí Abúlé Faransé ní Bàdágìrì, ká lọ máa fi Faransé jẹ ká máa fi mu. Gírámà sú mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé Tintin wá, mo bá ṣubú sọ́wọ́ Haddock, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ọkùnrin náà mọ èébú! Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé mi. Lọ́jọ́ kan ní Sẹ̀mẹ̀, ọlọ́kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi, mo pariwo "Bachi-bouzouk!" mọ́ ọn. Ó dúró. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó fi Ègùn béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ni mo wí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àṣé irú ọmọ ogun Tọ́kì àtijọ́ kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìyá Èjìgbò
Èmi ò ka Tintin rí o. Ọmọ Èjìgbò ni mí, Àbíjáǹ ni wọ́n bí mi sí, bíi ọ̀pọ̀ nínú àdúgbò wa. Akissi ni tèmi, ìwé Marguerite Abouet, ẹni tí wọ́n bí ní Àbíjáǹ kó tó lọ Paris lọ́mọ ọdún 12. 2010 ni àkọ́kọ́ jáde. Ọmọ mi ni mo rà á fún, èmi ni mo kà á tán nínú ọkọ̀. Wọ́n rán ọmọdébìnrin ní ẹja, àwọn ológbò sì gbá tì í. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ogun, àyà mi sì ń já. Èmi náà ti gbé ẹja rí ní Treichville, àdúgbò kan ní Àbíjáǹ.

Ọmọ Alákétu
Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi sílẹ̀, ó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Kétu ni mí, lápá Bẹ̀nẹ̀. Níléèwé, Alix ni mo fẹ́ràn, tí Jacques Martin bẹ̀rẹ̀ ní 1948: ọmọ Gaul, ilẹ̀ tó di Faransé lónìí, tí wọ́n sọ di ẹrú, tí ará Róòmù kan wá fi ṣọmọ. Mi ò bi ara mi rí pé báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ọ̀rẹ́ Késárì.

Ní 2016, mo rí bédé kan tí UNESCO gbé jáde ní 2014 nípa àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhòmì. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Inú ọmọ náà dùn kọjá ààlà! Ó gbé ọwọ̀ léjìká bí ìbọn, ó ń yan káàkiri àgbàlá. Ìyá àgbà jókòó sídìí ògiri, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n béèrè ohun tí ọmọ ń ṣe, mo sì túmọ̀ fún wọn. Ọwọ́ wọn dúró lórí atẹ. Wọ́n ní, "Àwọn tó kó ìyá ìyá mi lọ sí Àgbómẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, 1886 ni Dàhòmì tú Kétu. Wọ́n kó èrò lọ, Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu odi wa, ni àlejò ṣì ń wá wò. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú dó. Ìyá ìyá wọn wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n kó o, kò dàgbà ju ọmọ tó ń yan yẹn lọ.

Ọmọ náà gbé ọwọ̀ sílẹ̀. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n gbé ìbọn. Ìyá àgbà ní, "Wọ́n gbé e. Wọ́n mọ ogun í jà. Àwa ni wọ́n wá bá jà." Ni wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ní 2022, wọ́n gbé ère obìnrin ogun kan dìde ní Kútọnu, mítà 30. Ìyá àgbà ti wọlẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ náà ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ọmọ Lísàbí
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará Kétu. Àwa lé ogun Dàhòmì ní Abẹ́òkúta ní 1851, a tún lé wọn ní 1864, ìyẹn ló jẹ́ ká máa fi ti wa ṣe fáàrí. Funmilayo Ransome-Kuti náà wà nínú ọ̀wọ́ UNESCO yẹn, Alaba Onajin, ọmọ Nàìjíríà, ló yà á. Mo fi han ìyá mi, tí wọn ò gbọ́ Faransé. Wọ́n wo àwọn obìnrin ọjà tó ń bínú nítorí owó orí, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní gèlè ẹnì kan ò dúró dáadáa.

Ọmọ Tíṣà
Ọmọ Alákétu, mo ti wa ìwé náà jáde, mo sì gbé fóònù fún bàbá mi kí wọ́n kà á. Dípò kí wọ́n kà á, wọ́n lọ ka ọ̀rọ̀ tiwa láti òkè. Wọ́n ní, "O yọ́ ka ti Kóńgò nígbà yẹn?" Mò ń bọ̀ o.