Fúláwà ti bo dẹ́ẹ̀kì wa, báwo la ṣe máa gé e tí ò fi ní kú?

Abẹ̀ní12

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọkọ mi tó gbé àdá jáde. Dẹ́ẹ̀kì onípákó kan wà lẹ́yìn ilé wa, ibẹ̀ la máa ń jókòó sí tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Àwọn tó gbé ilé náà ṣáájú wa ló gbin fúláwà yí i ká, nígbà tá a kó dé kò ga ju orúnkún lọ, ó rẹwà gan, a kàn ń wò ó ni, a ò gé e, ó ti di ọdún márùn-ún báyìí. Ó ti ga jù mí lọ. Ẹ̀ka ti gba àárín rélìn wọlé, ó ń ha ọ̀dà ara pákó, tí òjò bá sì rọ̀, gbogbo ibòmíì á ti gbẹ, ìhà ibẹ̀ á ṣì tutù di ọ̀túnla. Àná lọmọ mi yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ó fi àgbọ̀n gbálẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan máa ń tanná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò sì tíì pẹ́ tó tanná tán. Èkejì, ewé ẹ̀ rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta, ewé ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, òdòdó ẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tá a bá sì ṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀, oje tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ á jáde. Ọkọ mi ní ká gé gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀ ká sinmi. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n kú. Báwo la ṣe máa gé e, báwo ló sì ṣe yẹ kó jìnnà sí pákó tó?

BabaOnígi

Ẹ kú àfaradà mà, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ọmọ o. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá gbé àdá, àdá máa ń fa igi ya ni, ojú ibi tó ya yẹn ni àrùn sì máa gbà wọlé. Sísọ́ọ̀sì ìgégi tó mú ni kẹ́ ẹ lò fún ẹ̀ka tí ò ju àtàǹpàkò lọ, èyí tó bá nípọn jùyẹn ẹ fi ayùn ọwọ́ gé e, kẹ́ ẹ sì fi sípíríìtì nu ojú irin kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí igi míì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á kàn fá ojú ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń gẹrun, ó máa dáa lójú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti gé e yẹn ló máa rú ẹ̀ka méjì mẹ́ta jáde, á wá dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, atẹ́gùn ò sì ní ríbi gbà. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ya ewé sọ́tùn-ún sósì kí n lè rí ìdí ẹ̀, màá mú àwọn ẹ̀ka tó ti gbó jù tó kọjú sí dẹ́ẹ̀kì, màá gé wọn látìdí tàbí níbi tí wọ́n ti yà lára ẹ̀ka ńlá. Èyí tó ti kú àtàwọn tó ń gbo ara wọn ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lọ́dún kan. Tó bá fi máa tó ọdún kẹta, igi tuntun lẹ ní yẹn.

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná tán, ìsinsìnyí gan ni àsìkò ẹ̀, torí irú wọn sábà máa ń pèsè òdòdó ọdún tó ń bọ̀ sára ẹ̀ka tó bá dàgbà lọ́dún yìí, tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, òdòdó lẹ̀ ń gé dànù. Ní ti àlàfo, ó kéré tán kó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà láàárín ewé àti pákó.

MàámiTóbi

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti ewé abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ má fi ìdá kan nínú mẹ́ta ṣe é o! Ọ̀pọ̀ wọn, ìta nìkan lewé tútù wà, inú ti gbẹ, tẹ́ ẹ bá ti gé e kọjá ibi tí ewé wà dé ara igi gbígbẹ, kò ní hù mọ́ láéláé. Èmi gé tèmi báyẹn, ọdún méjì ló fi pá lórí níwájú ilé, mò ń bomi rin ín, mò ń dúró, ọkàn mi ò balẹ̀, nígbà tó yá mo hú u. Díẹ̀díẹ̀ lára ewé tútù ni kẹ́ ẹ máa gé, tíyẹn ò bá kúrò lára pákó, á jẹ́ pé àtihú ló kù.

Ẹ̀kẹta, bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yẹn, ó jọ oleander lójú mi. Májèlé ni látorí ewé dé gbòǹgbò. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ bo ojú yín, ẹ má sì dáná sun ohun tẹ́ ẹ bá gé, torí èéfín ẹ̀ pàápàá léwu. Kí ọmọ má sún mọ́bẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa kó o kúrò.

KọláKáfíńtà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ igi, ẹ jẹ́ n sọ ti pákó. Àǹtí, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú sukurudíráfà, ẹ tẹ ẹnu ẹ̀ mọ́ pákó ìhà tó máa ń tutù yẹn àti ẹsẹ̀ tó gbé dẹ́ẹ̀kì dúró. Tó bá le, kò sí wàhálà. Tó bá wọlé bí ìgbà téèyàn gún ọṣẹ, pákó yẹn ti ń jẹrà, kẹ́nì kankan má dúró lé e. Pákó tí omi inú ẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 tó sì wà bẹ́ẹ̀ fúngbà pípẹ́ ló ń jẹrà, ewé tó fara tì í ni ò jẹ́ kó gbẹ. Ikán náà fẹ́ràn irú ibẹ̀ gan.

30 sẹ̀ǹtímítà tí Bàbá sọ yẹn dáa, àmọ́ èmi á fẹ́ 60, torí ẹni tó máa tún ọ̀dà kùn gbọ́dọ̀ ríbi dúró, ewé náà á sì tún hù. Ẹ gbá ewé tó há sáàárín pákó kúrò, ẹ wa yẹ̀pẹ̀ tó bá ga dé ara pákó kúrò, ẹ má sì ti ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì. Mo ti bá ejò pàdé nírú ẹ̀.

Abẹ̀ní12

Ẹ ṣé gan, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín náà. Mo ti fi sukurudíráfà tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ le dáadáa, àmọ́ pákó kan níbi tọ́mọ ṣubú sí yẹn gbà á wọlé, a ti fi àga dí i. Ọkọ mi ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ó ti gbé àdá padà. Ìṣòro kan ló kù, inú èyí tó tanná tán yẹn, nígbà tí mo ya ewé ẹ̀, mo rí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹyin mẹ́ta wà níbẹ̀.

BabaOnígi

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ mà. Ẹyẹ kéékèèké, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lè dín, ó lè lé díẹ̀, ọmọ á ti fò lọ. Ẹ fi àsìkò yẹn gé àwọn yòókù, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ pákó yẹn. Tí ìtẹ́ bá ti ṣófo, ẹ wá gé tibẹ̀, òdòdó díẹ̀ lè dín lọ́dún tó ń bọ̀ torí ìdádúró yẹn, kò burú.

Abẹ̀ní12

Ó dáa sà. Màá máa yọjú wò wọ́n láti wíńdò.