Ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n kọ rífíù ìwé àkúdàáyà òun, èmi náà sì ń kọ irú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àdùkẹ́Alálọ̀ọ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti ń sú mi. Ìtàn iwin àti àkúdàáyà lèmi máa ń kọ, méjì ni mo ti gbé jáde fúnra mi, ọ̀kan wà lórí Selar, èkejì wà lórí Amazon. Ọmọbìnrin kan wà tá a jọ wà nínú gúrúùpù àwọn òǹkọ̀wé lórí WhatsApp, a ò fojú kojú rí, àmọ́ ó máa ń kí mi dáadáa, ó sì ra ìwé mi kejì nígbà tó jáde. Òun náà wá gbé tiẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá, ló bá fi ránṣẹ́ sí mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi kọ rífíù, ẹ̀yin lẹ mọ irú ìtàn yìí."

Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn, háà! Ọkùnrin kan kú n'Íbàdàn, wọ́n sin ín, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àbúrò ẹ̀ lọ ra pákó ní Sapele, ẹni tó ń wọn pákó fún un ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kú! Ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀, ó ti bímọ, ó sì ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Orí mẹ́rin ni mo kà láìdìde, ìrẹsì mi jóná lórí iná. Àmọ́ nígbà tó dé ìdajì, nǹkan dàrú. Ṣẹ́ ẹ rí i, ní orí kẹta, àwọn ọlọ́pàá ká àbúrò yìí mọ́, ó pe egbé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún un, egbé gbé e, ó bá ara ẹ̀ lẹ́yìnkùlé ìyá ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orí kejìlá, jàǹdùkú mẹ́ta dè é lókùn mọ́nú yàrá, ó ń sunkún bí egbére, kò rántí egbé, òǹkọ̀wé gan-an ò rántí egbé, kò sẹ́ni tó sọ pé ó sọnù tàbí pé ó jẹ èèwọ̀ ẹ̀. Mo padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì bóyá èmi ni mo fo ojú ewé.

Tí mo bá fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta, wọ́n á ní mò ń jowú torí ọjà kan náà la jọ ń tà. Tí mo bá fún un ní márùn-ún, irọ́ ni mo pa. Tí mo bá sì dákẹ́, ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé "Àǹtí, ẹ ti kà á tán?" Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?

ỌmọÒkèÀdó

Fún un ní márùn-ún jàre. Tí tìẹ bá tún jáde, òun náà á fún ẹ ní márùn-ún. Kí ló le níbẹ̀?

Bọ̀dáẸ́dítọ̀

Ọmọ Òkè Àdó, ìwọ lo máa jẹ́ kí wọ́n ti àkáǹtì èèyàn pa. Amazon ò gba kọ-tèmi-kí-n-kọ-tìẹ láàárín àwọn òǹkọ̀wé, wọn ò sì fẹ́ kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ẹni tó kọ̀wé máa kọ rífíù rárá, tí wọ́n bá fura, wọ́n á pa á rẹ́ ni. Pé òǹkọ̀wé kọ rífíù ìwé òǹkọ̀wé míì, ìyẹn nìkan ò léèwọ̀. Àdùkẹ́, ohun tí wàá ṣe ni pé kó o sọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ọ̀fẹ́ lo gbà á àti pé ìwọ náà ń kọ irú ẹ̀, kí ẹni tó ń kà á fúnra ẹ̀ wò ó bóyá owú ni.

Ẹ ò rántí eléyìí tó ṣẹlẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ní December 2023 ni? Òǹkọ̀wé fántásì kan, ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ ò tíì jáde o, ló lọ ṣí àkáǹtì èké lórí Goodreads, ìkànnì táwọn òǹkàwé ti ń fún ìwé ní ìràwọ̀, ó ń fún ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìràwọ̀ kan kan, ó sì ń fi àkáǹtì kan náà gbé tiẹ̀ ga. Àṣírí tú, àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ní àwọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, aṣojú ẹ̀ náà fi í sílẹ̀. Ìwé odidi! Torí ìràwọ̀!

ÌyáÌbejì_Peckham

Èmi ò kọ ìwé o, èmi ń fowó rà á ni, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé rò pé ara yín lẹ̀ ń kọ rífíù sí. Tí mo bá rí i pé òǹkọ̀wé kan kọ ọ́ fún òǹkọ̀wé kejì, tó sì jẹ́ "ìwé yìí dùn gan-an, ẹ tètè lọ rà á" nìkan ló wà níbẹ̀, mo ti mọ̀ pé gúrúùpù kan náà ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò pọ̀: ṣé ó bani lẹ́rù débi tí mi ò ní lè kà á lóru? Ṣé ọmọ mi ọdún mẹ́rìndínlógún lè kà á? Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n bí i sí, kò mọ egbé, kò mọ àfẹ́ẹ̀rí, ìgbà tó ka "kánàkò" níbì kan, ó ní ṣé orúkọ èèyàn ni. Ṣé ìwé náà jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọlé, àbí wọ́n á kàn da gbogbo ẹ̀ lé e lórí?

ỌmọỌdẹ

Kí ni ẹ̀ ń sọ nípa egbé gan-an, orí kìíní ló ti bàjẹ́! Àkúdàáyà wo ló ń jẹ́ kí àbúrò ẹ̀ rí òun tó tún dúró síbẹ̀ tó ń wọn pákó? Gbogbo wa la mọ̀ pé tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé ẹ̀ bá ti rí i, ó parí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti kúrò nílùú yẹn, ìyàwó àti ọmọ á wá a títí. Bí bàbá mi àgbà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tí ò mọ ìtàn ẹ̀ kó má kọ ọ́. Ìràwọ̀ kan.

Àdùkẹ́Alálọ̀ọ́

Ọmọ Ọdẹ, ẹ má bínú o, mi ò gbà. Èmi náà mọ̀ pé ó yẹ kó sá, ìdí tí mo fi ń ka ìwé náà lọ nìyẹn! Kí ló dé tí kò sá? Òǹkọ̀wé mọ̀ pé ó yẹ kó sá, ó tiẹ̀ jẹ́ kí àbúrò ẹ̀ sùn mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti wò ó bóyá á ti lọ tílẹ̀ bá mọ́, ilẹ̀ mọ́, ó bá a níbẹ̀ tó ń gbálẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti egbé. Ti àkúdàáyà, ohun tí àwọn àgbà sọ ló yí padà, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé òun yí i padà. Ti egbé, ohun tí òun fúnra ẹ̀ sọ fún wa ló gbàgbé.

Bọ̀dáẸ́dítọ̀

Ẹ wò ó, ẹjọ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1952 tí Faber tẹ ìwé Tútùọlá ní Lọ́ńdọ̀nù, akéwì ni Dylan Thomas tó kọ rífíù ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Observer, ìtàn yẹn gan-an ló sì fi ẹnu bà, ó wù ú. Nílé ńbí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ò rí ìtàn, gẹ̀ẹ́sì tí ọkùnrin náà kọ ni wọ́n rí, ojú ń tì wọ́n nítorí ohun tí òyìnbó máa rò nípa wa. Àwọn míì ní inú Fágúnwà ló ti bù ú, ìyẹn sì lórí díẹ̀, torí Fágúnwà ti ń da iwin sínú igbó láti 1938, ẹni tó kà á á mọ ibi tí odò yẹn ti ṣàn wá. Èmi ì bá fẹ́ràn kí ẹni tó mọ odò náà fara balẹ̀ kọ rífíù yẹn. Dylan Thomas ò lè sọ ibi tí Tútùọlá ti yà kúrò lọ́nà Fágúnwà, àwọn tó lè sọ ọ́ ń ka àṣìṣe gírámà.

Torí náà Àdùkẹ́, ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, má dákẹ́. Àmọ́ ti egbé yẹn, pe ọmọ náà kó o tó kọ nǹkan kan síta, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ṣeé tún ṣe.

ỌmọÒkèÀdó

Gbogbo ìwé ìtàn yìí torí ìràwọ̀ márùn-ún 😂

Àdùkẹ́Alálọ̀ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mo pè é lánàá. Mo kọ́kọ́ yìn ín dáadáa nítorí ti Sapele yẹn, kì í ṣe ẹ̀tàn, ó tọ́ sí i. Mo wá bi í pé "egbé dà ní orí kejìlá?" Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ló bá ní "Yéè, Àǹtí, orí kẹsàn-án tí mo yọ!" Ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o, ibi tí egbé yẹn ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, odidi orí kan, ẹnì kan ló sọ fún un pé ìwé náà ti gùn jù, ló bá gé e dànù, kò rántí pé ìyókù gbára lé e. Ó ti dá a padà báyìí, ó ní kí n kà á wò, ó sì dára ju orí kejìlá fúnra ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo kọ síta nìyí, ìràwọ̀ mẹ́rin ni: "Èmi náà ń kọ ìtàn àkúdàáyà, a sì jọ wà nínú gúrúùpù kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi níwèé yìí. Ẹ má kà á lóru tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé. Ẹni tí ò mọ egbé tẹ́lẹ̀ á mọ̀ ọ́n kó tó parí orí kẹta. Jàǹdùkú mẹ́ta yẹn ò dá mi lójú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ bí ẹni ka ìwé. Ẹ̀gbọ́n tó kú yẹn, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀." Mi ò dárúkọ egbé tó sọnù mọ́ torí kò sọnù mọ́.

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ ṣeun. Mo ti rà á. Ọ̀sán ni màá máa kà á.

ỌmọỌdẹ

Àkúdàáyà ò kí ń dúró. Mi ò yí ohùn padà. Àmọ́ kí ló wá ba egbé yẹn jẹ́ ní orí kẹsàn-án?

Àdùkẹ́Alálọ̀ọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ra ìwé 😂