Ẹ sọ ìrírí yín: owó onírin àtijọ́ tí sójà fi ọwọ́ fín

Akówójọ:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Owó Faransé kan wà lọ́wọ́ mi, 10 centimes, idẹ ni. Ọdún 1916 ṣì hàn ketekete lójú rẹ̀ kan. Wọ́n ti họ ojú kejì títí ó fi tẹ́jú, wọ́n wá fi ọwọ́ fín lẹ́tà orúkọ méjì sí i, nọ́ńbà márùn-ún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà R.E. àti C.E. Wọ́n lu ihò sókè rẹ̀. Ṣé báàjì sójà ni àbí ohun ìrántí olólùfẹ́? Ṣé obìnrin ni C.E. yẹn? Ẹni tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé, kó jọ̀ọ́ sọ tirẹ̀.

Dáúdù:
Ẹ fọ̀ ọ́ kí ó dán, kí ẹ tún ya àwòrán rẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ má fọ nǹkan kan o!!!

Ìyá Bùnmi:
Ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. C.E. kì í ṣe obìnrin, Church of England ni, ìjọ Áńgílíkà ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa ń kọ ìjọ sára àmì ìdánimọ̀ ọmọ ogun kí wọ́n lè mọ irú ìsìn tí wọn yóò fi sin ín. R.C. ni ti Kátólíìkì. R.E. ni Royal Engineers, ẹ̀ka àwọn ẹnjinníà nínú ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Sójà yẹn ló ṣe àmì ìdánimọ̀ fún ara rẹ̀, ẹ sì mọ ìdí? Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá kú, wọ́n á já a lọ fún àkọsílẹ̀, òkú á wá wà nílẹ̀ láìlórúkọ. Ó di September 1916 kí wọ́n tó sọ ọ́ di méjì: pupa tí wọn yóò mú lọ, aláwọ̀ ewé tí yóò bá òkú wọlé. Ohun tó dà bíi páálí líle ni wọ́n sì fi ṣe é, ó máa ń jẹrà nínú ilẹ̀. Idẹ kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú yàrà ogun mọ èyí, ni wọ́n fi ń fín tiwọn.

Dáúdù:
Há! Mo ti gbọ́.

Olóòótọ́:
Àlàyé yín dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra. Ọdún tó wà lára owó kò sọ ìgbà tí wọ́n fín in. Ohun tó ń sọ kò ju pé iṣẹ́ náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ẹnikẹ́ni lè ra owó 1916 lónìí kó fín ohun tó wù ú sí i.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Òótọ́ ni Olóòótọ́ sọ. Wọ́n gbé ṣílè fàdákà kan wá bá mi rí, wọ́n fín ìyẹ́ àti R.F.C. (Royal Flying Corps, ẹgbẹ́ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà) sí i dáadáa, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé bàbá bàbá òun ló fín in lójú ogun ní 1917. Mo yí i padà, 1921 ni ọdún ojú kejì. Royal Flying Corps ti di R.A.F. (Royal Air Force) láti April 1, 1918! Mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Inú àwọn ìlà yẹn ń kọ mànà, etí wọn sì mú bí abẹ. Ohun tí ẹ máa wò nìyí: àwọn àpá ìhọra tó wà lójú owó, ṣé wọ́n gba orí ìlà kọjá ni àbí ìlà ló gé wọn? Bí ìlà bá gé wọn, ìlà ló dé kẹ́yìn. Iṣẹ́ àtijọ́ máa ń gbó pọ̀ mọ́ owó ni, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sì ti le.

Àbẹ̀ní:
Ṣé ẹni tó ja ogun yẹn kò lè fín in lẹ́yìn ogun, láti fi rántí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ó lè fín in, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n inú ìlà kò ní máa kọ mànà lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ̀gbọ́n Túndé:
Kì í ṣe sójà nìkan ló fín owó o. Pẹ́nì bàbà 1797 ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní, èyí tó wúwo bí ọ̀ǹsì kan gbáko. Wọ́n fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún àmì róbótó-róbótó tò ó, ọkùnrin tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tó jọ “bí o bá rí èyí, rántí mi.” Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń kó lọ sí Ọsirélíà ló ń fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ará ilé. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Ọsirélíà kó ọ̀pọ̀ jọ. Ẹ má rí nọ́ńbà kẹ́ ẹ máa pariwo sójà. Bó bá sì jẹ́ nọ́ńbà ẹgbẹ́ ogun ló wà níbẹ̀, bíi “45th Regiment,” ẹ rántí pé 1881 ni Gẹ̀ẹ́sì yọ nọ́ńbà kúrò lára orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn.

Sùúrù:
Orí ọba ni wọ́n ń họ dànù yẹn! Kò ha lòdì sófin ni?

Olóòótọ́:
Òfin kan jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1853 lórí kíkọ nǹkan sára owó. Ti Amẹ́ríkà ò le tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ kò bá fi tan ẹlòmíràn jẹ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Sùúrù:
Ìdí tí wọ́n fi ń lo ti Faransé nìyẹn!

Ìyá Bùnmi:
Rárá o, Sùúrù. Owó tó wà lápò wọn ni wọ́n lò. Faransé ni wọ́n ti ń jà.

Àǹtí Rẹ̀mí:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Pẹ́nì kan wà nínú àpótí bàbá mi, olóògbé. Orúkọ wà lára rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ogun náà wà níbẹ̀. Mo wá orúkọ yẹn nínú àkọsílẹ̀ Commonwealth War Graves Commission, àwọn tó ń tọ́jú sàréè àwọn tó kú lójú ogun, gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Ó kú ní 1917. Kò ní sàréè. Ara ògiri ìrántí Thiepval ní Faransé ni orúkọ rẹ̀ wà, láàárín àwọn tó lé ní 72,000 tí wọn kò ní sàréè tí a mọ̀. Mo sunkún. Ó fín orúkọ rẹ̀ kí wọ́n má bàa sọ ọ́ nù, owó náà ló wá wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n wá ará ilé rẹ̀ rí?

Àbẹ̀ní:
Ẹ dá a padà, àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́.

Sùúrù:
Fún ta ni? Bàbá wọn ló fi sílẹ̀ fún wọn.

Àbẹ̀ní:
Orúkọ bàbá wọn kọ́ ló wà lára rẹ̀!

Olóòótọ́:
Bó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó kú tí wọn ò sì rí òkú rẹ̀, báwo ló ṣe kúrò níbẹ̀?

Ìyá Bùnmi:
Ìbéèrè gidi. Àǹtí Rẹ̀mí, ṣé ihò wà lára rẹ̀?

Àǹtí Rẹ̀mí:
Kò sí ihò. Àpá òjé méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Bùnmi:
Pín ni wọ́n jó mọ́ ọn níbẹ̀. Kò so ó mọ́rùn rárá, ó ṣe é fún ẹni tí yóò fi há aṣọ ni. Ìyàwó, ìyá, tàbí àfẹ́sọ́nà. Ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú.

Àǹtí Rẹ̀mí:
Ọlọ́run ó. Nígbà náà, mò ń wá wọn.

Sùúrù:
Ó dáa, èmi náà gbà. Ẹ wá wọn.

Akówójọ:
Ìyá Bùnmi, ibo ni kí n ti wá nọ́ńbà tèmi?

Ìyá Bùnmi:
Káàdì àwọn tó gba mẹ́dàlì, ní National Archives, ilé àkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew, ní London. Bọ́ǹbù 1940 jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé iṣẹ́ ológun wọn, àmọ́ káàdì wọ̀nyẹn ṣẹ́kù. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi wá a, kì í ṣe lẹ́tà orúkọ nìkan.

Gbénga_K:
Èmi náà ní ọ̀kan: ìbọn méjì tó dábùú ara wọn, adé lókè. Kò sí lẹ́tà kankan.

Ẹ̀gbọ́n Túndé:
Bó bá jẹ́ ìbọn arọ̀jò-ọta, Machine Gun Corps ni. October 1915 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n tú u ká ní 1922. Ọdún wo ló wà lójú kejì?