Iṣẹ́, olólùfẹ́ àti ìyá ẹni: mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, pàápàá àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọmọ Òkè-Àró:

Ẹ kú ilé o. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni mí, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní Alágbàká, olólùfẹ́ mi ń gbé ní ìlú Oǹdó. Mi ò wá ìwàásù, mi ò sì wá ẹni tó máa ṣàánú mi. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ là yé mi. Níbi iṣẹ́, tí wọ́n bá ń béèrè pé ìgbà wo làwọn máa jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó, kí lèèyàn ń dáhùn tí kò ní di irọ́ tó máa lé èèyàn ká? Tí ọ̀gá bá sì gbọ́, ṣé ó lè lé mi? Ìkejì, àwa méjèèjì ń gbèrò láti gba ilé kan, bóyá ká tiẹ̀ ra ilẹ̀. Ìwé wo ló yẹ ká ṣe? Ìkẹta ni màmá mi. Ṣé kí n sọ ni, àbí kí n gbé e mì?

Lọ́yà Ọjà-Ọba:

Ìbéèrè kejì ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè fa wàhálà jù. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin méjì tó bá ṣe ìgbéyàwó. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin kan náà ka àdéhùn èyíkéyìí láti máa gbé pọ̀ bí olólùfẹ́ mọ́ ọn, ìyà kan náà ló sì ní. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí ìwé kankan tó pè yín ní olólùfẹ́. Ẹ má lọ ṣe "àdéhùn" kankan lọ́dọ̀ lọ́yà tàbí pásítọ̀, kódà kó jẹ́ eré. Ẹgbẹ́ dídá àti fífi irú ìfẹ́ yìí hàn ní gbangba, ọdún 10 ni. Ìbálòpọ̀ fúnra rẹ̀, abala 214 nínú Criminal Code tí wọ́n ń lò ní gúúsù, ọdún 14. Ṣùgbọ́n pé ọkàn ẹnìkan ń fà sí ọkùnrin, òfin kankan kò pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn wúlò gan-an.

Tí ẹ bá máa gba ilé, ẹ gba yàrá méjì àti pálọ̀, bí ọ̀rẹ́ méjì tó dá owó ilé. Géńdé púpọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ákùúrẹ́, pàápàá ládùúgbò FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kò jọ onílé lójú. Kí yàrá kejì ní bẹ́ẹ̀dì, kí aṣọ wà níbẹ̀. Kí kálukú san ìdá tiẹ̀ láti inú àkáǹtì tiẹ̀, kí rìsíìtì sì gbé orúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹnìkan ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìjà bá dé, ẹnì kejì ti di àlejò nìyẹn.

Ilẹ̀ rọrùn ju ilé lọ. Kò sí òfin tó ní kí ọkùnrin méjì má ra ilẹ̀ pọ̀. Àmọ́ kí ìwé tí lọ́yà máa ṣe sọ ìdá kálukú: tí ẹnìkan bá mú ₦1,200,000 wá tí ẹnì kejì mú ₦800,000, kí wọ́n kọ ọgọ́ta àti ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó tún sọ bóyá ẹni tó bá kẹ́yìn ló ni gbogbo rẹ̀, àbí ìdá ẹni tó kú á lọ sọ́dọ̀ àjogún rẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n á kọ orúkọ méjì láìsọ ìdá, ikú á dé, ẹbí olóògbé á dé, ẹni tó san owó jù á wá máa wá ẹlẹ́rìí kiri.

"Next of kin" tí ẹ kọ sí bánkì kì í ṣe àjogún o. Ẹni tí wọ́n máa pè ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan òun dé ọwọ́ ẹnìkan, kí ó kọ ìwé ìhágún. Ẹlẹ́rìí méjì ló máa buwọ́ lù ú, níṣojú ẹni tó ń hágún, kí ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan má sì sí lára wọn, torí tó bá ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀bùn tiẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Nínú ìwé, "ọ̀rẹ́ mi lágbájá" ti tó. Ẹ lè fi pamọ́ sí ilé ẹjọ́ gíga l'Ákùúrẹ́. Ilẹ̀ ẹbí kò sí lára ohun tí ẹ lè há fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Ìgbanisíṣẹ́:

Ti iṣẹ́ ni kí n mú. Ẹ lọ wá lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, kí ẹ ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ìkìlọ̀ kí wọ́n tó dá èèyàn dúró. Tí kò bá sọ nǹkan kan, òfin iṣẹ́ ní ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún lọ sókè, oṣù kan. Ká sọ òótọ́, iléeṣẹ́ aládàáni lè fún yín ní ìkìlọ̀ yẹn kó má sọ ìdí. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù tí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní kúẹ́rì, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu yín. Ẹ má dáhùn kúẹ́rì lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Ẹ má sì buwọ́ lu lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ẹlòmíràn tẹ̀ sílẹ̀ dè yín, àtàrí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbóná lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn pa ẹjọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà l'Ákùúrẹ́.

Ti ìrẹsì ìgbéyàwó yẹn: ẹ má dá ìyàwó àfẹ́sọ́nà sílẹ̀ ní Àbújá o! Ọ̀la ni wọ́n á béèrè fọ́tò, ọ̀túnla orúkọ ìjọ rẹ̀, tó bá di oṣù kejì wọ́n á ti máa yan àwọ̀ aṣọ ẹbí. "Ẹ máa gbọ́ tó bá yá" ti tó, kí ẹ sì tètè béèrè ọmọ tiwọn. Kò sí òbí tí kò ní gbé ìyẹn. Ohun tó ń tú àṣírí ní ọ́fíìsì kì í ṣe ẹnu, WhatsApp tí èèyàn ṣí sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ni. Ẹ wọ "Linked devices" nínú WhatsApp lórí fóònù yín, kí ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ kò dá mọ̀. Àkáǹtì Google tiyín, ẹ má fi sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ láé, fọ́tò á tẹ̀ lé e wọlé.

Ọmọ Ìjọ:

Ẹ gbàdúrà. Ẹ̀mí ló ń dààmú yín.

Àǹtí Ìsinkàn:

A dúpẹ́ o. Ó ti ní òun ò wá ìwàásù.

Àbúrò mi, ìbéèrè kẹta ló kàn mí. Má béèrè bóyá wàá sọ. Béèrè ohun tí màmá máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá tó lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí sùn nìkan ò wọ́pọ̀. Àbúrò rẹ̀ ló máa pè, tàbí pásítọ̀, tàbí àlùfáà. Nítorí náà, mọ ẹni tí màmá ń fọ̀rọ̀ lọ̀ kí o tó la ẹnu.

Má sọ nígbà tí owó ilé rẹ ku oṣù kan, má sọ tó bá jẹ́ àbúrò bàbá rẹ ló bá ọ wá iṣẹ́ tí o ń ṣe. Jẹ́ kí owó ilé ọdún kan ti san, kí owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta wà nílẹ̀. Kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ìyá rẹ kan tó ti bo àṣírí ẹlòmíràn rí, kì í ṣe èyí tó kàn máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí o máa sọ, kí ó má jẹ́ ọjọ́ ọdún tàbí òkú, má sọ lórí fóònù, má kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọ̀sán ni, nínú yàrá màmá, kí ẹlòmíràn má sí nílé. Kí owó ọkọ̀ wà lápò rẹ, má sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kó kúrú: "Màmá, ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ẹ máa ń sọ, kì í ṣe pé mi ò rí. Ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ obìnrin ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni." Má dárúkọ olólùfẹ́ rẹ, ì báà ṣe màmá ló ń bẹ̀ ọ́. Wọ́n á sunkún, wọ́n á ní ayé ti ṣe ọmọ àwọn. Má bá wọn jà lórí Bíbélì tàbí Kùránì, o ò ní borí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sórí òkè, "Ẹ máa gbàdúrà fún mi, màmá, àmín," ṣùgbọ́n má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ síbi tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀ tàbí fi ebi pa á ní orúkọ ìtúsílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, máa fi owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ ránṣẹ́, ní ọjọ́ tí o máa ń fi í ránṣẹ́. Má retí kí wọ́n sọ pé àwọn gbà. Ìyá tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀fọ́ rírò sínú kúlà méjì, tó ní kí o fún ọ̀rẹ́ rẹ ní ọ̀kan, ohun tó fẹ́ sọ ló sọ yẹn.

Bàbá Ọ̀wọ̀:

Mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni: pé èèyàn ò ní gbéyàwó, àti ìdí tí kò fi ní gbé e. Àkọ́kọ́ ni kó sọ. "Màmá, mi ò ní gbéyàwó" ti wúwo tó fún ọdún kan. Ìdí lè dúró títí dìgbà tí wọ́n bá béèrè fúnra wọn, àwọn kan ò sì ní béèrè láé torí wọ́n ti mọ̀. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ láti fi bo ojú ayé. Ìyà ẹni méjì ni, bí ọmọ bá sì dé, ó di mẹ́ta.

Àǹtí Ìsinkàn:

Lórí ti ọmọ ọlọ́mọ yẹn, ẹnu wa kò.

Nọ́ọ̀sì Yàbá, Oǹdó:

Kò béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń gbé ìlú míì nílò rẹ̀. Oògùn PrEP ń dènà HIV. Ọ̀kan lójúmọ́ ni, ó sì yẹ kó pé ọjọ́ méje kí èèyàn tó fọkàn tán an. Fún ẹni tí kì í rí olólùfẹ́ rẹ̀ déédéé, ọ̀nà míì wà: oògùn méjì ní wákàtí méjì sí mẹ́rìnlélógún ṣáájú ìbálòpọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí 24 tó lo méjì yẹn, ọ̀kan sí i lẹ́yìn wákàtí 24 míì. Ẹni tó bá ní àrùn ẹ̀dọ̀ B kò gbọdọ̀ lo ọ̀nà kejì yìí, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: HIV, ẹ̀dọ̀ B, kíndìnrín. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tí kọ́ńdọ̀mù bá ya, PEP wà, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìfarakàn kí HIV má bàa ràn; ọjọ́ 28 ni lílò rẹ̀, àmọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó kọjá wákàtí 72. Mélòó kan ló ń pẹ́ dé nítorí ìtìjú! Ẹ ní "mo fara kan ohun tó lè kó HIV ràn mí," ẹ ò nílò láti sọ ọkùnrin tàbí obìnrin. Vaseline, òróró àti òrí ń jẹ kọ́ńdọ̀mù. Ohun ìyọ̀ (lubricant) tí wọ́n fi omi ṣe ni kí ẹ lò.

Ọmọ Òkè-Àró:

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ dákun, tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tí wọ́n ní kí n ṣí fóònù ńkọ́?

Lọ́yà Ọjà-Ọba:

Tí ẹ bá rí wọn lókèèrè, ẹ pa fóònù. Tí wọ́n bá tún un tàn, ìka ọwọ́ ò ní ṣí i, nọ́ńbà nìkan ni, wọn ò sì lè fipá fi ìka tàbí ojú yín ṣí i. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn tó bá yẹ, ṣùgbọ́n ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀sùn mi?" Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ẹni. Abala 35 ní ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn fún yín ní èdè tó yé yín láàárín wákàtí 24, kí wọ́n sì gbé yín dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40.

Tí ẹnìkan bá ní òun máa tú àṣírí yín àfi kí ẹ sanwó, ohun tí wọ́n ń pè ní kító nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ má san ti àkọ́kọ́, torí kejì ń bọ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó kọ rẹ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà, kí ẹ fi sọ́dọ̀ lọ́yà, kí lọ́yà sì bá yín dé àgọ́. Ẹ má dá lọ. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Legal Aid Council. Nọ́ńbà lọ́yà kan àti ti ọmọ ìyá yín kan, ẹ há wọn sórí, torí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.