"Àṣẹ ààtàn" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìdarí ìṣàn pàǹtí"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tú ìwé òfin sí Yorùbá ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń wá orúkọ fún agbára tí ìjọba ìbílẹ̀ ní láti sọ fún ará ìlú, àti fún ẹni tó ń bá wọn kó pàǹtí, pé: "Ibi báyìí ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lọ síbòmíràn." Flow control ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ẹ̀gbọ́n dábàá "ìdarí ìṣàn pàǹtí", àwọn mẹ́ta sì ti kín wọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Ọ̀ṣogbo ni mò ń gbé. Níbí, tí ẹ bá ní pàǹtí ń ṣàn, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí wa lọ́kàn: òjò ńlá ti rọ̀, gọ́tà ti kún, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti gọ́rà ń lé ara wọn lọ lójú omi. Odò Ọ̀ṣun ni gbogbo rẹ̀ ń forí lé, odò kan náà tó gba inú igbó tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005 kọjá. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún un pé kó lọ síbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àṣẹ ò bá ṣiṣẹ́ ni ìṣàn pàǹtí lójú tiwa. Báwo la ṣe máa wá fi orúkọ yẹn pe àṣẹ fúnra rẹ̀?

Àbúrò wa kan ní kí a pè é ní "àṣẹ ìdalẹ̀". Ìyẹn sún mọ́lé díẹ̀, torí ilẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń pe ohun tí wọ́n bá gbá jọ. "Lọ da ilẹ̀ nù." "Má da ilẹ̀ síbí" ni a sì ń kọ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa. Tí a bá pa "da ilẹ̀" pọ̀, dalẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì dalẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é. Inú ìwé, a lè fi àmì yà wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá wá kà á lórí rédíò ńkọ́? Ẹni tó ń gbọ́ ìkìlọ̀ káńsù kò yẹ kó máa rò pé wọ́n ń fi ọ̀dàlẹ̀ kan òun.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ààtàn. Àwọn mìíràn ń pè é ní àkìtàn tàbí àtìtàn, ọ̀kan náà ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn agboolé wa ni ààtàn wà, lẹ́bàá igi ìbẹ́pẹ méjì tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Eérú, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Baálé ló pààlà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ agboolé kejì gbé agbọ̀n ilẹ̀ wá, ìyá àgbà sì jáde sí i: "Ta ló yan ààtàn yìí fún yín?" Ọmọ náà ru agbọ̀n rẹ̀ padà. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá ló pé sínú ìbéèrè yẹn: ibi tí a yàn, ẹni tó yàn án, àti ẹni tí wọ́n yàn án fún.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, wọlé-wọlé gba díẹ̀ nínú àṣẹ yìí lọ́wọ́ baálé. Lónìí, òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka kíkó pàǹtí dànù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nínú gbólóhùn kan náà tó dárúkọ ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò. Nílùú tiwa, káńsù Ọ̀ṣogbo àti káńsù Ọlọ́rundá ló jọ pín ìlú, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí pàǹtí. Bí àṣẹ náà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn. Ohun kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, àṣẹ ààtàn sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ méjì láti Amẹ́ríkà, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, dán orúkọ méjèèjì wò. Ní ìlú Clarkstown, ní ìpínlẹ̀ New York, kọngilá kan kọ́ ibùdó tí ọkọ̀ pàǹtí ń já ẹrù sí kí wọ́n tó kó o lọ síbi tó jìn. Àdéhùn wọn ni pé lẹ́yìn ọdún 5, kọngilá yóò ta ibùdó náà fún ìlú ní dọ́là 1. Kí owó kọngilá lè wọlé, ìlú ṣèlérí pàǹtí tó tó 120,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ní dọ́là 81 lórí tọ́ọ̀nù kan, wọ́n sì ṣòfin pé ibẹ̀ ni gbogbo pàǹtí ìlú gbọdọ̀ gbà kọjá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Carbone, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣa ohun tó ṣì wúlò kúrò nínú pàǹtí, kò gbé ìyókù tirẹ̀ débẹ̀. Ní 1991, ọkọ̀ tírélà wọn kan lọ kọlu afárá tó dábùú òkè títì. Àwọn ọlọ́pàá tó wá wo ìjàǹbá náà bá ìdì pàǹtí 23 nínú rẹ̀, ó ń lọ sí Indiana, ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ 6 nínú 9 sì fagi lé òfin ìlú náà ní 1994, torí ó dí ọ̀nà ọjà láàárín ìpínlẹ̀ àti ìpínlẹ̀.

Ní 2007, òfin tó jọ ọ́ láti àgbègbè Oneida àti Herkimer, ní ìpínlẹ̀ New York kan náà, tún dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ 6 ní kó dúró, torí ìjọba ló ni ibùdó tiwọn, kì í ṣe kọngilá.

Ẹ tú ẹjọ́ méjèèjì pẹ̀lú "ìdarí ìṣàn pàǹtí", ẹni tó ń kà á ò ní mọ ohun tó mú kí ọ̀kan ṣubú kí èkejì sì dúró. Ẹ wá kọ "àṣẹ ààtàn" síbẹ̀. Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ Yorùbá ni: "Ààtàn ta ni?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló ya ẹjọ́ méjèèjì nípa. Ìdí tí mo fi dúró lórí orúkọ yìí nìyẹn o, kì í ṣe pé ó dùn létí.

Ẹnì kan lè sọ pé ibùdó tí ẹrù ò pẹ́ sí kì í ṣe ààtàn. Òótọ́ ni. Ibùsọ̀ ni kí a pe ìyẹn, torí a kàn ń sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀ ni. Síbẹ̀ orúkọ àṣẹ kò ní yẹ̀: a ṣì ń pe owó orí ní owó orí, bí wọn ò tilẹ̀ ka orí mọ́.

Ó ku "pàǹtí àtúnlò" tí ẹ̀gbọ́n fi pe agolo, ike àti páálí. Ìgò ọtí tí ìyá elépo ní Ọjà Ọba fọ̀ tó sì rọ epo sí, àtúnlò ni, mo gbà. Agolo tí wọ́n yọ́ fi ṣe ìkòkò, àtúnrọ ni mo máa pè é. Ṣùgbọ́n "pàǹtí" iwájú rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ìyá kan tó ń ta fùfú ládùúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀ so àpò ìrẹsì méjì kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gọ́rà nínú ọ̀kan, agolo nínú èkejì. Ọmọ tó ń ra kòǹdẹ̀mù á dé pẹ̀lú ọmọlanke àti òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi nǹkan kọ́, ìyá á sì tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Ohun tí olówó rẹ̀ ti yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni pàǹtí. Ìyá yìí ò tíì yọwọ́. "Àṣàyọ" ni mo dábàá fún un, bí àwọn tó ń ṣàkójọ ewì tilẹ̀ ti ń lò ó. Tí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá gbà.

Mo lọ bá ìyá náà nírọ̀lẹ́ àná. Mo ní, "Ìyá, tí mo bá ní káńsù ló ni àṣẹ ààtàn, kí lẹ gbọ́?"

"Pé àwọn ló máa sọ ibi tí a máa da ilẹ̀ sí."

Mo nawọ́ sí àpò méjèèjì. "Èyí ńkọ́?"

"Èyí kì í ṣe ilẹ̀. Owó ata ni."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mò ń retí èsì yín kí orí ìwé yẹn tó lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé.